Èdè àfòfindá nínú ìmọ̀ ìṣirò àti ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè: ìbéèrè àti ìdáhùn

Kí ni èdè àfòfindá?

Òun ni àwọn olùkọ́ ń pè ní formal language lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ kọ́kọ́ mú àwọn àmì kan tí iye wọn lópin. Àwọn ni ábídí rẹ̀. Ẹ tò wọ́n tẹ̀lé ara wọn. Ohun tí ẹ tò yẹn la ó máa pè ní ìtò níbí. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé òfin kalẹ̀ tó ń sọ ìtò tó wọlé àti èyí tí kò wọlé. Gbogbo ìtò tó wọlé, lápapọ̀, ni èdè náà. Ó lè jẹ́ mẹ́ta péré, ó sì lè máa lọ láìlópin.

Ìrísí àmì nìkan ni òfin náà ń wò, kì í béèrè ìtumọ̀. Ìdí nìyẹn tí òfin náà fi gbọ́dọ̀ pé tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí kò gbọ́ nǹkan kan nínú ọ̀rọ̀ náà, tàbí ẹ̀rọ tí kò lọ́kàn, á lè tẹ̀lé e kó sì dé ibi tí ọ̀gá dé. Ibẹ̀ ni agbára rẹ̀ wà. Ibẹ̀ náà ni àṣìṣe àwọn tó ń kọ́ ọ ti ń bẹ̀rẹ̀: wọ́n á kọ òfin tí wọ́n rò pé ó pé, àṣé ọpọlọ tiwọn fúnra wọn ló ń dí àlàfo inú rẹ̀ láìjẹ́ kí wọ́n mọ̀.

Ṣé ẹ lè fún wa ní àpẹẹrẹ kan tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀?

Ẹ wo àmì Odù Ifá. Ábídí rẹ̀ kò ju àmì méjì lọ: ojú kan (I) àti ojú méjì (II). Odù kan ní ẹsẹ̀ méjì, tọ̀tún àti tòsì, àmì mẹ́rin sì wà ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ogbè ni I I I I. Ọ̀yẹ̀kú ni II II II II. Ìwòrì ni II I I II, Òdí sì ni I II II I. Níwọ̀n ìgbà tí ààyè mẹ́rin wà, tí ààyè kọ̀ọ̀kan sì lè gba àmì méjì, ìtò ẹsẹ̀ kan jẹ́ 2 × 2 × 2 × 2, èyí tó jẹ́ 16. Ẹsẹ̀ méjì wá jẹ́ 16 × 16, ó di 256. Níbi tí ẹsẹ̀ méjèèjì ti bára mu, Ojú Odù mẹ́rìndínlógún nìyẹn, bí Ogbè Méjì. 240 tó kù ni àmúlù.

Ọ̀tún la ti ń kà á wá sí òsì, nítorí náà Ogbè lọ́tùn-ún pẹ̀lú Ọ̀yẹ̀kú lósì kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú Ọ̀yẹ̀kú lọ́tùn-ún àti Ogbè lósì. Àmì méje kì í ṣe Odù, mẹ́sàn-án kì í ṣe Odù. Ẹni tí kò mọ ẹsẹ Ifá kan ṣoṣo lè fi òfin yìí wo ojú ọpọ́n kó sì sọ bóyá àmì náà pé tàbí kò pé. Ohun tí Odù náà wí jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn, ọwọ́ babaláwo nìyẹn wà. Ìyàtọ̀ láàárín iṣẹ́ méjèèjì yìí ni ìpìlẹ̀ gbogbo ohun tí ojú ìwé yìí ń sọ.

Ta ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀?

Íńdíà la ti rí iṣẹ́ tó jinlẹ̀ jù lọ láyé àtijọ́. Pāṇini, tó gbé láyé ní nǹkan bí ọ̀rúndún karùn-ún tàbí ìkẹrin ṣáájú Kristi, kó òfin èdè Sanskrit jọ sínú Aṣṭādhyāyī. Òfin inú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 4,000, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì ju ọ̀rọ̀ méjì mẹ́ta lọ. Ẹ wo bó ṣe dín wọn kù. Ó to ìró èdè náà sí ìlà mẹ́rìnlá, ó sì fi lẹ́tà kan ṣe òpó ìdúró ní ìparí ìlà kọ̀ọ̀kan. Tó bá fẹ́ dárúkọ gbogbo fáwẹ̀lì, yóò mú ìró àkọ́kọ́, a, yóò fi òpó ìdúró c tì í: ac. Gbogbo kọ́ńsónáǹtì ń jẹ́ hal. Ó tún ṣòfin fún ìgbà tí òfin méjì bá forí gbárí: èyí tó wà lẹ́yìn ni kó borí. Ẹni tó bá ti kọ prógíráàmù rí yóò mọ irú ọwọ́ tó ṣe iṣẹ́ yẹn.

Ní Yúróòpù, ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ náà gbà wọlé yàtọ̀. Ìrònú àti ẹ̀rí ni wọ́n ń wá, kì í ṣe gírámà. Leibniz ará Jámánì, ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, lálàá èdè àmì kan tí àwọn tó ń jiyàn á fi jókòó ṣírò ọ̀rọ̀ wọn dípò kí wọ́n máa pariwo. George Boole sọ ìrònú di ìṣirò nínú ìwé rẹ̀ ọdún 1854. Gottlob Frege ló wá kọ èdè náà gan-an lọ́dún 1879, nínú ìwé pélébé tó pè ní Begriffsschrift: ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan nínú ẹ̀rí ní àmì tirẹ̀, kò sí èyí tí òǹkàwé á ní láti méfò. Àmì rẹ̀ tẹ́ sílẹ̀ bí ẹ̀ka igi lórí ìwé, ó ṣòro láti tẹ̀ jáde, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò sì kà á kún nígbà yẹn.

Ẹni tí mo rò pé a kì í dárúkọ tó ni Axel Thue, ará Norway. Lọ́dún 1914, ó béèrè ìbéèrè kan tó dà bí eré ọmọdé. Ká ní ẹ ní àwọn ìpààrọ̀ mélòó kan, bíi pé níbikíbi tí ab bá wà, ẹ lè fi ba rọ́pò rẹ̀, ẹ sì tún lè dá a padà. Tí mo bá wá fún yín ní ìtò méjì, ṣé ọ̀nà kan ṣoṣo wà tí yóò máa sọ, fún ìpààrọ̀ èyíkéyìí àti ìtò èyíkéyìí, bóyá a lè ti èkíní dé èkejì? Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n kọjá kí ìdáhùn tó dé. Lọ́dún 1947, Emil Post ní Amẹ́ríkà àti Andrei Markov ní Rọ́ṣíà, oníkálukú lọ́tọ̀, fi hàn pé kò sí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, kò sì lè sí. Ohun tó jẹ́ kí wọ́n lè sọ bẹ́ẹ̀ ni pé Alonzo Church àti Alan Turing ti sọ ní 1936 ohun tí “ọ̀nà ìṣirò” túmọ̀ sí gan-an.

Báwo ló ṣe wá dé ọ̀dọ̀ àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè?

Láàárín ọdún mélòó kan péré, láti 1956 sí 1960, odò mẹ́ta pàdé. Stephen Kleene tẹ iṣẹ́ rẹ̀ jáde lọ́dún 1956 lórí àwọn ìtò tí ẹ̀rọ onírántí kékeré lè dá mọ̀. Ibẹ̀ ni regex, àwòṣe kúkúrú tí a ń kọ láti fi wá ìtò nínú ọ̀rọ̀, ti ṣẹ̀. Lọ́dún yẹn kan náà, Noam Chomsky gbé irú gírámà mẹ́ta kalẹ̀, ó wọn agbára wọn wò, ó sì béèrè èyí tó tó gbé èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ìwé rẹ̀ tí gbogbo ayé mọ̀ tẹ̀lé e ní 1957. Ẹ̀kẹta ni John Backus, tó kọ òfin èdè kọ̀ǹpútà ALGOL sílẹ̀ lọ́nà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti Chomsky dọ́gba lọ́dún 1959. Peter Naur tún un ṣe fún ìròyìn ALGOL 60. Láti ìgbà yẹn, gírámà ni wọ́n fi ń sọ bí èdè kọ̀ǹpútà ṣe rí.

Kí ni ìpele mẹ́rin tí wọ́n máa ń fi orúkọ Chomsky pè?

Iye ìrántí tí ẹ̀rọ tó ń ka ìtò náà nílò ló yà wọ́n.

Ní ìpele tó kéré jù, ẹ̀rọ náà kò ní ìwé tí yóò kọ nǹkan sí. Ipò tó wà nìkan ló mọ̀, iye ipò náà sì lópin. Àmì Odù wà níbí, ọ̀pọ̀ òfin ìró èdè èèyàn náà sì wà níbí. Ìpele tó tẹ̀lé e fún ẹ̀rọ ní ibi ìkóǹkansí kan tó dà bí àwo tí a tò léra: èyí tó wà lókè nìkan lẹ lè mú. Ó tó láti ka àkámọ́ tó wà nínú àkámọ́, ó sì tó fún ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ìhun gbólóhùn. Ìpele kẹta fún un ní ìwé tó gùn tó ìtò tó ń kà, tó lè kọ nǹkan sí tó sì lè pa á rẹ́. Ìpele tó ga jù ni ẹ̀rọ Turing, tí ìwé rẹ̀ kò lópin; ohun gbogbo tí kọ̀ǹpútà lè ṣe wà níbẹ̀, àwọn ìbéèrè tí kò sí ọ̀nà ìṣirò kan tó lè dáhùn wọn tán náà sì wà níbẹ̀.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí èèyàn rò pé ìpele gíga ló “dára jù”. Rárá. Bí ìpele bá ṣe ń ga ni iṣẹ́ ń pọ̀ sí i. Ní ìpele àkọ́kọ́, ìtò tó gùn ní ìlọ́po méjì gba àkókò ìlọ́po méjì. Ní ìkejì, àwọn ọ̀nà tí a sábà ń fi kọ́ni lè gba ìlọ́po mẹ́jọ. Òṣìṣẹ́ tó gbọ́n máa ń mú ìpele tó kéré jù tó lè gbé ẹrù rẹ̀.

Kí ló dé tí ẹ̀rọ ìpele àkọ́kọ́ kò lè ka àkámọ́?

Ẹ jẹ́ ká mú ẹ̀rọ kan tó ní ipò mẹ́wàá. A fẹ́ kó gba ìtò tí iye àkámọ́ ìṣí rẹ̀ bá iye ìpadé dọ́gba, bí (((()))). Ẹ fún un ní ìṣí mẹ́wàá, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kó tó ka nǹkan kan, ó wà ní ipò kan; lẹ́yìn ìṣí kìíní, ó wà ní ipò kan; títí dé ìkẹwàá. Ìgbà mọ́kànlá nìyẹn, ipò sì jẹ́ mẹ́wàá péré. Nítorí náà, ìgbà méjì gbọ́dọ̀ bọ́ sí ipò kan náà. Ká ní lẹ́yìn ìṣí mẹ́rin àti lẹ́yìn ìṣí méje ni. Lójú ẹ̀rọ náà, kò sí ìyàtọ̀ láàárín ìgbà méjèèjì mọ́. Tó bá gba ìṣí mẹ́rin tí ìpadé mẹ́rin tẹ̀lé, dandan ni kó gba ìṣí méje tí ìpadé mẹ́rin tẹ̀lé, èyí tí kò yẹ kó gbà. Ẹ fi ipò ẹgbẹ̀rún kan kún un, ọ̀rọ̀ kò yí padà, ìtò tó gùn jù bẹ́ẹ̀ ni yóò kàn dẹ́kùn fún un.

Nítorí èyí ni kò fi yẹ kí a máa fi regex lásán tú HTML, èdè tí wọ́n fi ń kọ ojú ewé ayélujára. Àmì ìṣí àti ìpadé rẹ̀ ń wọ inú ara wọn. Regex yín á ṣiṣẹ́ lórí àpẹẹrẹ mẹ́ta tí ẹ dán wò, yóò sì já yín kulẹ̀ lọ́jọ́ tí div kan, ọ̀kan nínú àmì HTML, bá wọ inú div mìíràn.

Báwo ni mo ṣe lè kọ gírámà kékeré fún èdè Yorùbá?

Ẹ mú bébà. Ẹ kọ àwọn òfin yìí, níbi tí G dúró fún gbólóhùn, O fún àpólà orúkọ, Ì fún àpólà ìṣe. Àmì | túmọ̀ sí “tàbí”:

G → O Ì
O → Adé | Bọ́lá | ìwé | bàbá | ìyá
O → O O
O → O àti O
Ì → sùn | rí O | ra O

Láti G lẹ ti máa bẹ̀rẹ̀. Ẹ máa pààrọ̀ lẹ́tà ńlá tó dá dúró títí yóò fi ku ọ̀rọ̀ nìkan. G di O Ì. O di Bọ́lá. Ì di rí O. O yẹn di O àti O. Èyí ìkẹyìn di O O. Nígbẹ̀yìn, ẹ ní “Bọ́lá rí bàbá àti ìyá Adé”.

Ẹ dúró síbẹ̀ wò ó. Ta ni bàbá yẹn? Ó lè jẹ́ bàbá Adé, ó sì lè jẹ́ bàbá kan lásán tó wà pẹ̀lú ìyá Adé. Gírámà yín mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí ọ̀nà méjì ló ní láti kọ́ gbólóhùn náà: [bàbá àti [ìyá Adé]] àti [[bàbá àti ìyá] Adé]. Ohun tí etí wa ń gbọ́ ni òfin márùn-ún ti fi hàn lórí bébà. Igi ni wọ́n ń pe ọ̀nà kọ̀ọ̀kan tí a gbà kọ́ ọ. Ó máa ń pọ̀ kíákíá: ọ̀rọ̀-orúkọ mẹ́ta ní igi méjì, mẹ́rin ní márùn-ún, márùn-ún ní mẹ́rìnlá, mẹ́fà ní méjìlélógójì.

Ìṣòro mẹ́ta ni ẹ máa bá pàdé. Àkọ́kọ́, gírámà yìí gba “ìwé sùn”. Kì í ṣe àbùkù. Ìhun ló ń ṣọ́, kò ṣọ́ ìtumọ̀. Tí ẹ kò bá fẹ́ ẹ, ẹ pín O sí ọ̀nà méjì, ti ẹlẹ́mìí àti ti aláìlẹ́mìí, kí ẹ sì mọ̀ pé iye òfin yín á pọ̀ sí i.

Ìkejì, tí ẹ bá fi kọ̀ǹpútà tẹ̀lé òfin yìí láti òkè wá sílẹ̀, O → O O yóò mú un wá O, kó tó rí i yóò tún wá O, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa lọ láìka ọ̀rọ̀ kan títí ìrántí rẹ̀ yóò fi kún. Wọ́n máa ń tún un ṣe báyìí: B ni ọ̀rọ̀-orúkọ kan ṣoṣo, O sì di B | B O | B àti O. Ẹ̀rọ kò ní yí po mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ padà wo “bàbá àti ìyá Adé”: ó ku igi kan ṣoṣo, [bàbá àti [ìyá Adé]]. Ìtumọ̀ kejì ti sọnù. Àtúnṣe tó wo ẹ̀rọ sàn ti gba nǹkan lọ́wọ́ èdè, ọ̀pọ̀ ìwé ẹ̀kọ́ kì í sì sọ ìyẹn fún akẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀nà Earley, tó ti wà láti 1970, máa ń gba òfin àkọ́kọ́ yẹn bó ṣe wà, ó sì ń dá igi méjèèjì padà.

Ìkẹta ni pé kò sí prógíráàmù kan tó lè wo gírámà èyíkéyìí ní ìpele yìí kó sì sọ dájúdájú bóyá ó ní ìtò onígi méjì. Wọ́n ti fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn láti 1962. Ẹ dán an wò fúnra yín lórí gbólóhùn tó ṣe kókó, ẹ má retí pé irinṣẹ́ kan á bá yín ṣe é tán.

Ìpele wo ni èdè èèyàn wà? Ṣé èdè Yorùbá wà nínú ìjíròrò náà?

Ó wà níbẹ̀, ipò tó sì wà níbẹ̀ wú wa lórí.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n ń jiyàn bóyá ìpele kejì tó gbé gbogbo èdè èèyàn. Ọdún 1985 ni ẹ̀rí méjì tó dájú jáde. Stuart Shieber mú èdè Jámánì tí wọ́n ń sọ ní Switzerland: wọ́n lè to ọ̀rọ̀-orúkọ jọ lápá kan, kí wọ́n to ọ̀rọ̀-ìṣe jọ lápá kejì, orúkọ kìíní bá ìṣe kìíní lọ, ìkejì bá ìkejì. Okùn wọn dábùú ara wọn, bẹ́ẹ̀ àwo tí a tò léra kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí èyí tó kọ́kọ́ wọlé ló máa ń jáde kẹ́yìn. Christopher Culy ní tirẹ̀ mú èdè Bambara ti Mali. Wulu ni ajá. Wulu o wulu ni “ajákájá, ajá yòówù”. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń dà kọ náà sì lè máa gùn láìlópin, bí “ẹni tó ń wá ajá”, “ẹni tó ń ṣọ́ ẹni tó ń wá ajá”. Ìdajì kejì gbọ́dọ̀ bá ìdajì kìíní mu ní gbogbo wúnrẹ̀n.

Ọmọ Yorùbá tó bá ka Culy á rántí ilékílé àti ọmọkọ́mọ. Ṣùgbọ́n èyí tó lágbára jù wà nínú ìhun gbólóhùn wa. Ẹ wo “ríra ilé tí Adé ra ilé dùn mọ́ mi”. “Ra ilé” fara hàn lẹ́ẹ̀mejì: lẹ́ẹ̀kan gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀-orúkọ, lẹ́ẹ̀kan nínú awẹ́-gbólóhùn. Ẹ gbìyànjú “ríra ilé tí Adé ra mọ́tò”. Etí yín kọ̀ ọ́. Nínú iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ní yunifásítì UCLA lọ́dún 2006, Gregory Kobele mú irú gbólóhùn Yorùbá wọ̀nyí, ó sì tọ́ka sí i pé odidi àpólà ìṣe ni a lè dà kọ, títí kan èyí tí ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀ tò tẹ̀léra. Ó fi jiyàn pé gírámà èdè èèyàn gbọ́dọ̀ ní ọwọ́ tó ń dà nǹkan kọ nínú, dípò kó jẹ́ pé ó kàn ń so nǹkan pọ̀ nìkan. Gbólóhùn tí a ń sọ lójú ọjà láìronú sí i jẹ́ ẹ̀rí nínú ìjíròrò nípa ohun tí ọpọlọ èèyàn lè ṣe.

Ní ti ìró, ọ̀rọ̀ rọrùn. C. Douglas Johnson ti fi hàn ní 1972 pé òfin ìró, bí àwọn onímọ̀ ṣe ń lò ó, kò ju agbára ìpele àkọ́kọ́ lọ. Lórí èyí ni Kimmo Koskenniemi gbé ẹ̀rọ mofọ́lọ́jì (ìhun ọ̀rọ̀) èdè Finnish kà ní 1983, tí ọ̀pọ̀ irinṣẹ́ àyẹ̀wò ọ̀rọ̀ sì ń jogún rẹ̀ títí dòní.

Mo kọ regex fún ọ̀rọ̀ Yorùbá, kò rí ọ̀rọ̀ tó wà lójú mi. Kí ló ṣẹlẹ̀?

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ábídí tí ojú yín ń rí àti ábídí tí ẹ̀rọ ń rí kì í ṣe ọ̀kan náà. Lójú wa, ẹ́ jẹ́ lẹ́tà kan. Nínú Unicode, ètò tó ń fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ̀ ọ́n, ó kéré tán, ọ̀nà mẹ́ta ni a lè gbà kọ ọ́: ẹ (U+1EB9) pẹ̀lú àmì òkè (U+0301), e, àmì ìsàlẹ̀ (U+0323), àmì òkè, tàbí é (U+00E9) pẹ̀lú àmì ìsàlẹ̀. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rí bákan náà lójú, ṣùgbọ́n ìtò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ọ̀rọ̀ náà “ọ̀rọ̀” tí ẹ rí bí lẹ́tà mẹ́ta jẹ́ àmì márùn-ún ní NFC, ìlànà Unicode tó ń so lẹ́tà pọ̀ mọ́ àmì rẹ̀ níbi tó bá ti ṣeé ṣe, ó jẹ́ méje ní NFD, èyí tó ń tú gbogbo wọn sọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Ohun tí ẹ máa ṣe nìyí. Kí ẹ tó wá ohunkóhun, ẹ sọ ọ̀rọ̀ inú fáìlì àti regex yín di NFC. Ẹ má kọ [ẹ́] sínú àkámọ́ onígun. Lójú regex, “ẹ tàbí àmì òkè” ni ó túmọ̀ sí, nítorí náà yóò mú ìdajì lẹ́tà. Ẹ kọ (?:ẹ́). Tí ẹ bá fẹ́ fáwẹ̀lì yòówù pẹ̀lú ohùn yòówù, [aeẹioọu][\u0300\u0301\u0304]? tó, ṣùgbọ́n NFD ló bá a mu, nítorí ní NFC, à àti á ti di àmì kan ṣoṣo. Ní NFD náà, ẹ ní láti fi \u0323 sí àárín fún ẹ àti ọ. Ẹ mú ọ̀kan, kí ẹ má pa wọ́n pọ̀.

Àṣìṣe kan wà tí NFC kò lè wò sàn. Àwọn bọ́tìnnì ìkọ̀wé àtijọ́ kan máa ń fi ìlà òró kékeré (U+0329) sábẹ́ lẹ́tà dípò àmì tóótó. Ó jọ ọ́, kò bá a dọ́gba. Ẹ fi ọwọ́ pààrọ̀ rẹ̀ sí U+0323 kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn.

Tí ẹ bá ń pín ọ̀rọ̀ sí sílébù, òfin náà kúrú: fáwẹ̀lì nìkan, kọ́ńsónáǹtì àti fáwẹ̀lì, tàbí n tàbí m tó dá gbé ohùn. Ẹ kọ gb ṣáájú g, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ̀rọ á gé e sí méjì. Ewu tó kù ni n. “Pańla” tó ní àmì lórí ń jẹ́ pa-ń-la, sílébù mẹ́ta. Tí wọ́n bá kọ “panla” láìlámì, ẹ̀rọ lè kà á sí pan-la. Àmì ohùn kì í ṣe ọ̀ṣọ́ níbí. Apá kan ábídí ni. Igba, igbá àti ìgbà jẹ́ ìtò mẹ́ta. Tí ẹ bá pa àmì wọn rẹ́, ẹ ti sọ èdè mìíràn.

Kí ló ń jẹ́ kí regex kan dá kọ̀ǹpútà dúró?

Ẹ wo ^(a+)+$, níbi tí + túmọ̀ sí “ẹ̀ẹ̀kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ”, lórí a ọgbọ̀n tí b kan tẹ̀lé. Kò bá a mu, ṣùgbọ́n kí ẹ̀rọ tó gbà bẹ́ẹ̀, yóò gbìyànjú gbogbo ọ̀nà tí a lè gbà pín a ọgbọ̀n náà sí ọ̀wọ́. A kan tó bá lé, iṣẹ́ di ìlọ́po méjì. Ní ọgbọ̀n, ó ti tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan mílíọ̀nù. Ní ọjọ́ kejì oṣù Keje ọdún 2019, irú regex kan tó ń tún ara rẹ̀ gbìyànjú báyìí gba gbogbo agbára àwọn ẹ̀rọ Cloudflare, ilé-iṣẹ́ ayélujára kan, kárí ayé fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, ilé-iṣẹ́ náà sì ṣàlàyé rẹ̀ fún gbogbo èèyàn.

Ọ̀nà tí kò ní irú ewu yìí ti wà tipẹ́. Ken Thompson tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1968: kí ẹ̀rọ máa rìn gbogbo ipò tó ṣeé ṣe lẹ́ẹ̀kan náà, kó má máa padà sẹ́yìn. RE2, ẹ̀rọ regex ti Google, ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tó gbà lọ́wọ́ yín ni ìtọ́ka ẹ̀yìn bíi \1, nítorí ìyẹn ń dà nǹkan kọ, ó sì kọjá ìpele àkọ́kọ́. Tí ẹ kò bá lè yí ẹ̀rọ padà, ẹ má fi + sínú + .

Àwọn onímọ̀ ìṣirò ńkọ́, kí ni wọ́n ń fi ṣe lónìí?

Wọ́n ń fi yẹ ẹ̀rí wò. Lọ́dún 1976, Kenneth Appel àti Wolfgang Haken fi kọ̀ǹpútà fi hàn pé àwọ̀ mẹ́rin tó láti kun máàpù èyíkéyìí tí orílẹ̀-èdè tó pààlà kò fi ní jọra. Ọ̀pọ̀ kò fara mọ́ ọn, nítorí kò sẹ́ni tó lè ka iṣẹ́ kọ̀ǹpútà náà tán. Lọ́dún 2005, Georges Gonthier parí títún ẹ̀rí náà kọ sínú èdè àfòfindá kan tó ń jẹ́ Coq nígbà náà. Ibi tí èyí fi yàtọ̀ ni pé apá kékeré kan nínú Coq, tí èèyàn lè kà tán, ló ń wo ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan bóyá òfin gbà á. Ẹni tó bá gba apá kékeré náà gbọ́ kò ní láti gba ìyókù gbọ́ lásán.

Thomas Hales náà fi ẹ̀rí sílẹ̀ ní 1998 lórí ọ̀nà tó dára jù láti kó bọ́ọ̀lù jọ, ìbéèrè tí Kepler béèrè ní 1611. Àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò fún ọdún mélòó kan ní ó dá àwọn lójú ní ìwọ̀n 99 nínú 100. Ìyẹn kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ gbogbo rẹ̀ sínú èdè àfòfindá, wọ́n sì parí ní 2014.

Ṣé ohun kan náà ni èdè àfòfindá pẹ̀lú Esperanto?

Rárá. Zamenhof gbé Esperanto jáde ní 1887 kí àwọn èèyàn lè máa fi sọ̀rọ̀. Ó ní ìtumọ̀, ó ní àwàdà, ó sì ń yí padà lẹ́nu àwọn tó ń sọ ọ́.

Ṣé ẹ̀rọ tó ń sọ̀rọ̀ bí èèyàn kò ti lé gbogbo èyí dànù?

Àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyẹn kò gba gírámà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìdáhùn wọn bá ní láti jẹ́ JSON (ìlànà kan tí a fi ń kọ dátà fún kọ̀ǹpútà) tó pé, gírámà ìpele kejì ni wọ́n sábà fi ń dè é: ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, wọ́n á yọ àmì tí òfin kò gbà kúrò kí ẹ̀rọ tó yan. Kóòdù tí wọ́n ń kọ náà sì gbọ́dọ̀ kọjá lójú compiler, prógíráàmù tó ń yí kóòdù padà sí èdè ẹ̀rọ.

Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Láti orí òǹkà Yorùbá. Ẹ kọ gírámà tó ń gba nọ́ńbà láti mọ́kànlélógún dé mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún. Ọ̀kan sí mẹ́rin ń lé: mọ́kànlélógún, mẹ́rìnlélógún. Lẹ́yìn rẹ̀, ó ń dín: mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Ogún, ọgbọ̀n, ogójì, àádọ́ta àti àwọn yòókù ni ẹ ó kọ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà. Ẹ kọ́kọ́ tò wọ́n sórí bébà, kí ẹ tó kọ òfin kankan. Lẹ́yìn náà, ẹ fún ẹlòmíràn ní òfin yín, ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá ló dára jù, kí ó fi to ogún nọ́ńbà.

Tó bá to “mẹ́fàlélógún”, òfin yín ti fi ìlé àti ìdín sílẹ̀ láìpààlà. Tó bá to “márùndínlọ́gbọ̀n” dípò mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ẹ gbàgbé pé mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n dá dúró, bẹ́ẹ̀ márùndínlógójì kò dá dúró ní tirẹ̀. Ẹ tún òfin kọ, ẹ tún fún un. Ìgbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló sábà ń gbà kó tó dúró.